Ọkọ̀ Òfúrufú Tí Kò Gbé Ìbọn

Ní àárọ̀ tí ìròyìn dé pé ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Jámánì tí ń jẹ́ Falkenau ti pòórá, Torleiv kò lè jẹ oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ògì óòtì ni, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n fi èéfín yan, oúnjẹ tó máa ń jẹ tán kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó. Lọ́jọ́ náà, ó kàn ń fi ṣíbí ro ògì yẹn ṣáá títí ó fi le bí àtè. Halvdan, atọ́nà rẹ̀ nínú ọkọ̀ òfúrufú, tó jókòó tì í, wò ó, ó fa abọ́ náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ogun ń jó wa lára, ẹ̀yin ń jẹun," Torleiv ní.

"Ebi ò mọ̀ pé ọkọ̀ kan sọnù," Halvdan dá a lóhùn. "Bí a bá máa wá a lọ, ó kéré tán, ó yẹ kí ẹnì kan nínú wa lókun nínú."

Kò sí ẹni tó wà ní pápá ọkọ̀ òfúrufú náà, létí òkun Skọ́tíláǹdì níbi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í sinmi, tí kò mọ ohun tó wà láàárín Torleiv àti Falkenau. Ọmọ Nọ́wè ni Torleiv, ọmọ erékùṣù kékeré tí à ń pè ní Skarvøy. Nígbà tí àwọn ará Jámánì gba ilẹ̀ wọn, ó wọ ọkọ̀ ìpẹja, ó sá kọjá òkun, ó wá bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jagun, wọ́n sì kọ́ ọ ní wíwa ọkọ̀ òfúrufú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé jó. Àwọn ará Skarvøy fi ọkùnrin méjì tó ń fi rédíò ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù pamọ́, ọ̀dàlẹ̀ kan sì lọ tú àṣírí. Kò pẹ́ sígbà náà ni Falkenau yọ sí èbúté wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ náà, ẹni tí ń jẹ́ Wessling, lé gbogbo èèyàn jáde, ó ní kí wọ́n tò sí etí omi kí wọ́n máa wòran, ó wá ní kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tiná bọ ilé, láti orí èyí àkọ́kọ́ dé orí èyí ìkẹyìn. Wọ́n ní ó ń mu kọfí lórí ọkọ̀ rẹ̀ bí àwọn òrùlé ṣe ń wó. Mons, àbúrò Torleiv, sáré wọlé lọ tú àgùntàn wọn tó ń ké nínú iná. Wọ́n yìnbọn pa á lójú ìyá rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Jámánì, ibẹ̀ ni bàbá Torleiv kú sí. Wọ́n ti àwọn obìnrin mọ́lé, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n Torleiv kò mọ ibi tí Gunnvor ìyá rẹ̀ forí lé. Kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láàyè.

Ọjọ́ tó gbọ́ ìròyìn yìí, kò sunkún. Ó lọ sí etí òkun, ó ṣí fìlà, ó kọjú sí ìlà-oòrùn níbi tí ilé wọn wà, ó ní: "Èmi Torleiv ọmọ Anders, bí n kò bá rí Falkenau nísàlẹ̀ òkun kí n tó kú, kí ilẹ̀ má gba òkú mi, kí òkun náà má sì gbà á." Halvdan nìkan ló wà níbẹ̀. Òun ló ṣe àmín. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kò jẹ́ gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ọkọ̀ tí wọ́n fún ẹni tó búra báyìí! Pákó ni wọ́n fi kàn án, àwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n kùn ún, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ ni Ẹ̀fọn. Eré rẹ̀ kò láfiwé, ṣùgbọ́n kò gbé ìbọn, kò gbé bọ́ǹbù. Kámẹ́rà ńláńlá ló kún inú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ sókè ilẹ̀ ọ̀tá, kó ya àwòrán, kó sì sá wálé. Torleiv ti bẹ Ọ̀gágun Strachan, olórí wọn, títí ó fi sú u, pé kó gbé òun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ju bọ́ǹbù. Ìdáhùn kan náà ni Strachan ń fún un: "Ìbọn pọ̀ nínú ogun yìí. Ojú ni kò pọ̀."

Kò pẹ́ tí Halvdan jẹ ògì náà tán ni wọ́n pè wọ́n sí ìgbìmọ̀. Èéfín sìgá ti gba inú yàrá. Àwòrán ilẹ̀ Nọ́wè gba ògiri kan látòkèdélẹ̀, Strachan sì dúró níwájú rẹ̀, ọkùnrin gíga tí irunmú rẹ̀ ti funfun ṣáájú ti orí. Callum Rennie, olórí àwọn ajubọ́ǹbù, fẹ̀yìn ti fèrèsé. Isobel Geddes, ọ̀gá obìnrin tó ń yẹ àwòrán wò, tẹ́ fọ́tò méjì sórí tábìlì.

"Ibi tí wọ́n so ó mọ́ nìyí lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Geddes wí. "Èyí ni ti àná. Omi lásán."

Rennie bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ayàwòrán! Ẹ̀fọn tí kò lè bu èèyàn jẹ, kò tún wá ríran mọ́."

"Ẹ̀fọn yìí náà ló ń júwe ilé ọ̀tá fún ọ," Halvdan dá a lóhùn láìgbójú sókè. "Bí kì í bá ṣe tiwa ni, inú òkun lásán lẹ ò bá máa da bọ́ǹbù sí bí ẹni ń fóúnjẹ fún ẹja."

Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. Strachan kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ àti ohun ìjà lọ sí Rọ́ṣíà máa tó gbéra, bí Falkenau bá sì yọ sí wọn láàárín agbami, ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò gbààwẹ̀ ọ̀fọ̀. "Ẹni tó bá mọ ibi tó wà, kó wí."

Torleiv dìde. Ó kọjá láàárín àga, ó fi ìka lé ibì kan tí òkun ti wọ àárín òkè lọ bí ìgbà tí ọ̀bẹ bá la búrẹ́dì.

"Mørkefjord ni, sà. Àpáta ibẹ̀ tẹ orí síwájú. Oòrùn kì í wọ ibẹ̀ àfi lọ́sàn-án gangan. Omi sì jìn títí kan ìdí àpáta. Èèyàn lè so ọkọ̀ ńlá mọ́ ọn bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ibẹ̀ lèmi àti bàbá mi máa ń sá ìjì sí."

Strachan yí sí i. "Ṣé òye ló ń sọ̀rọ̀ yìí, àbí ìbínú?"

"Ìbínú ni, sà. Ṣùgbọ́n ìbínú mi mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Rennie kúrò lẹ́bàá fèrèsé, ó sún mọ́ àwòrán ilẹ̀ náà.

"Ó dáa," Strachan ní. "Ìwọ ni wàá lọ. Bí o bá rí i, yà á, kí o sá. Jagunjagun tó mọ ogun jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ni í bógun lọ. Mi ò nílò òkú akọni; fọ́tò ni mo nílò. Búra fún mi pé àwòrán ni wàá kọ́kọ́ rò kí o tó ro ẹ̀san."

Torleiv wo Halvdan. Halvdan mi orí pé kó búra.

"Mo búra," ni Torleiv wí, bí ẹni tó ń gbé egbòogi kíkorò mì.

Àwọn méjèèjì gbéra lọ́jọ́ kejì nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Wọ́n gòkè títí òkun fi dà bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn, títí òtútù fi sọ èémí wọn di yìnyín létí ìbòmú tí wọ́n fi ń fa afẹ́fẹ́. Inú ọkọ̀ náà há. Èjìká ọ̀kan kan ti èkejì. Halvdan, tó ti jẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé kó tó jagun, máa ń ki ọkọ̀ wọn bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ilẹ̀ ọ̀tá, kí ẹ̀rù má bàa bà á. "Ẹ̀fọn onípákó! Asárétete bí ọ̀rọ̀ ẹnu! Wọ́n ní kí o jà, o ní ojú lo fi ń jà. Gbé wa lọ, gbé wa bọ̀." Ó wá yí sí Torleiv: "Ọmọ Anders, ọmọ ẹyẹ dúdú inú òkun, ọmọ a-rin-lójú-omi-bí-ẹni-rin-lórí-ilẹ̀, ṣé o ti rí etíkun?"

"Mo rí i."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé òkè Mørkefjord, ìkùukùu ti dé e bí ìdérí ìkòkò. Òkè oníyìnyín nìkan ló yọrí.

"A ò lè ya ohun tí a ò rí," Halvdan ní. "Jẹ́ ká padà. Ọ̀la ń bọ̀."

"Ọ̀la ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n. Mons ò ní ọ̀la."

Kí Halvdan tó fèsì, Torleiv ti dojú ọkọ̀ kọlẹ̀. Wọ́n wọ inú ìkùukùu, gbogbo ayé sì di funfun. Halvdan ń ka gíga wọn sókè. Lójijì ni omi yọ lábẹ́ wọn, dúdú bí aró, àpáta lápá ọ̀tún, àpáta lápá òsì. Torleiv kò fi àwòrán ilẹ̀ kankan wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Bó ṣe ń tu ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ṣe ń tọ ibẹ̀. Ó yà ní kọ̀rọ̀ kan, ó tún yà.

"Igbó ni yẹn, ní etí omi," Halvdan ní. "Igi lásán."

"Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn igi tó wà lókè tutù yọ̀yọ̀. Kí ló dé tí tìsàlẹ̀ fi rọ?"

Lóòótọ́, ewé rẹ̀ ti pọ́n. Ẹ̀ka tí wọ́n gé ni wọ́n fi bo àwọ̀n, abẹ́ àwọ̀n náà ni irin gígùn kan sì nà sí. Halvdan tẹ kámẹ́rà. Wọ́n kọjá lórí Falkenau lọ́nà tó súnmọ́ débi pé Torleiv rí ọkùnrin kan tó gbé abọ́ lọ́wọ́, tó la ẹnu sílẹ̀. Àtàǹpàkò Torleiv tẹ orí ọ̀pá ìdarí, ó tẹ̀ ẹ́ gidigidi, níbi tí bọ́tìnnì ìbọn máa ń wà nínú ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó kígbe bí ẹran tí wọ́n dè mọ́lẹ̀.

Ìbọn Falkenau jí. Ọta ya apá òsì ọkọ̀ wọn bí ẹni ya aṣọ. Wọ́n ti ń jáde lọ lójú òkun nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú Jámánì méjì gbá tẹ̀ lé wọn. Torleiv fẹ́ yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí i.

"O búra!" Halvdan lọgun. "Ọ̀rọ̀ rẹ wà nínú kámẹ́rà yìí! Bí a bá kú, ta ló máa sọ fún wọn?"

Torleiv bú u, ó bú Strachan, ó bú ẹni tó fi pákó kan ọkọ̀, ó sì tẹ eré mọ́ ọn. Ẹ̀fọn fò lórí ìgbì títí àwọn tó ń lé wọn fi kéré, tí wọ́n sì padà.

Geddes gbé dígí olójú méjì rẹ̀, èyí tó ń mú kí ohun inú fọ́tò yọ bí ojúlówó, lé àwòrán náà. Ó sún dígí náà sọ́dọ̀ Rennie. Rennie tẹjú mọ́ ọn pẹ́.

"Afẹ́fẹ́ ti fẹ́," ó ní, "a ti rí fùrọ̀ adìyẹ." Ó na ọwọ́ sí Torleiv. "Mo ti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn mi mì."

"Nígbà wo lo máa lọ pa á?" Torleiv bi í.

Ọwọ́ Rennie rọ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé kò ṣeé ṣe níbẹ̀. Ọta ńlá tí wọ́n fi ń pa ọkọ̀, èyí tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi, nílò omi tó gbòòrò. Àpáta kò sì ní jẹ́ kí ọkọ̀ òfúrufú tó wúwo rí ibi yí sí. Strachan ló parí ọ̀rọ̀ náà: "A ó dó tì í. Ìgbàkígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́, ọkọ̀ wa kan á wà lókè rẹ̀. Ọ̀bọ tó gungi tí ajá jókòó sídìí igi, á sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan."

Bí wọ́n ṣe dó ti Falkenau nìyẹn, ìdótì tí kò ní odi, tí kò ní àgọ́. Ọkọ̀ kan á lọ, òmíràn á bọ̀. Ìgbà mìíràn òjò á dí wọn lọ́wọ́, Torleiv á máa rìn yí ilé ọkọ̀ ká bí ẹkùn inú àhámọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá alásè jà nítorí tíì tó tutù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó sọ fún Halvdan pé bí wọ́n bá tún rán òun lọ, òun á forí ọkọ̀ sọ Falkenau, kí gbogbo rẹ̀ parí.

Halvdan ń rán ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Kò dáwọ́ dúró. "Èmi ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo máa ń jókòó."

"Ẹ lè fi parasúùtì bọ́ sílẹ̀."

"Mo dúpẹ́ o, ọmọ Anders. Ìyàwó mi á kí ọ." Ó fi eyín já òwú náà. "Gbọ́ mi. Bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Mi ò ní kí o dárí jì wọ́n. Àmín tí mo ṣe létí òkun lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbà á padà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́ kó rì, kì í ṣe kí pákó méjì kàn lẹ̀ mọ́ ọn lára."

Torleiv jókòó.

Àárọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà máa yanjú, ojú ọ̀run mọ́ kedere títí dé ilẹ̀ Nọ́wè, àfi àwọsánmà òjò kan tó ń ṣú bọ̀ láti àríwá. Àwọn méjèèjì ló wà lókè. Mørkefjord ṣófo. Àwọ̀n tó rọ ń léfòó lójú omi bí aṣọ tí ẹni tó ń sálọ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n tọ ipa rẹ̀ jáde, wọ́n sì rí i láàárín àwọn erékùṣù: Falkenau, èéfín ń yọ lórí rẹ̀, ó dorí kọ òkun ńlá. Halvdan fi rédíò sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi pamọ́ fún ọjọ́ náà: "Ewúrẹ́ ti já."

Wọ́n dúró jìnnà lókè, níbi tí ìbọn kò lè ká wọn, wọ́n ń ṣọ́ ọ, títí Rennie àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi dé. Ìjà náà kò tó àkókò tí èèyàn fi ń mu ife tíì kan. Àwọn ajubọ́ǹbù wá lórí ìgbì gan-an, iná ń bú jáde lára Falkenau níhà gbogbo, ọkọ̀ òfúrufú kan já, òmíràn já, ẹ̀kẹta fi apá kan gba omi. Lẹ́yìn náà ni òkun gbéra sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ogun náà lẹ́ẹ̀mejì. Falkenau dúró bí ẹni tó ń ronú. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó fi ìdí pupa rẹ̀ han ọ̀run, ó sì rì lọ.

"Mons!" Torleiv ń kígbe, ó ń fi ìkúùkù lu dígí. "Bàbá! Ẹ wò ó! Ẹ bá mi wò ó!" Omijé ń dì sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Halvdan náà ń sunkún, ó sì ń tẹ kámẹ́rà.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti ya àbájáde rẹ̀. Epo ti tàn lójú omi, orí àwọn èèyàn sì wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀wà tó léfòó. Inú Torleiv dùn, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín. Ó ń fẹ́ kí ìyà náà pẹ́ lójú wọn. Ìgbà náà ló rí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń ti àárín erékùṣù yọ, tí wọ́n ń lọ tààrà sáàárín epo.

"Ta ló ń gbà wọ́n?" ó ní. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń gbà wọ́n?"

"Àwọn èèyàn wọn ni, ta ni ì bá tún jẹ́? Òjò ti dé tán. Wá, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Nígbà tí fíìmù jáde, yàrá Geddes kún. Rennie ti padà. Epo dúdú wà lójú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn wà lápá aṣọ rẹ̀. Dunbar, ọmọkùnrin tí òun àti Rennie jọ ń sùn ní yàrá kan, wà lára àwọn tó já. Níta, wọ́n ń kó ọta tuntun sínú àwọn ọkọ̀ tó kù.

"Àwọn ọkọ̀ kéékèèké yìí," Rennie ní, "ti ta ni?"

"Wọ́n ń kó àwọn tó yè," Geddes ní. "Ibùdó ológun Jámánì kan wà nítòsí. Ó jọ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti wá."

"Wo èyí." Rennie na ìka. "Ẹni tí wọ́n gbé sókè yìí, fìlà ọ̀gá ló dé. Wessling nìyẹn. Ọ̀gágun, ẹ jẹ́ n padà. Ìbọn nìkan tó wọn. Wọn ò tíì ní dé èbúté kí n tó bá wọn."

Strachan wo Geddes lójú, ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀. Torleiv tẹ̀ síwájú, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà rí Wessling. Ó fojú mọ́ dígí olójú méjì náà. Omi náà dìde sí i, àwọn ọkọ̀ náà sì yọ bí ẹni pé èèyàn lè fọwọ́ mú wọn.

Wọ́n ṣóńṣó níwájú. Wọ́n ṣóńṣó lẹ́yìn.

Ọkọ̀ ológun Jámánì máa ń gé pẹrẹsẹ lẹ́yìn ni. Èyí tó ṣóńṣó níhà méjèèjì, àwọn tó ń gbé lẹ́bàá òkun ní ilẹ̀ Nọ́wè nìkan ló ń kàn án. Àwọn tó ń tu wọ́n sì ní funfun lórí, wẹ́wẹ́, bí àmì ẹfun. Gèlè obìnrin ni.

Torleiv kò gbé orí. Bó bá dákẹ́, Wessling á kú. Kò sẹ́ni tó máa bi í. Geddes ti sọ tirẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ pa wọ́n ti wọṣọ tán. Ohun tó kù nínú ẹ̀san tó fi ilẹ̀ òun òkun búra fún kò ju ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan lọ. Ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì àwọn ajubọ́ǹbù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn níta. Ó gbọ́ bí Halvdan ṣe ń mí lẹ́yìn rẹ̀.

"Àwọn ará wa ni," ó ní.

"Kí lo wí?" Strachan bi í.

"Àwọn obìnrin erékùṣù wa ni, sà. Ẹ wo ìdí ọkọ̀. Ẹ wo orí wọn. Òfin òkun ni ní ilẹ̀ wa: ẹni tó wà nínú omi, a kì í bi í ní orúkọ. Bí ẹ bá rán Rennie, àwọn obìnrin wa lẹ rán an lọ pa."

Rennie gbá a láyà mú. "Àwọn tó pa Dunbar ló wà nínú ọkọ̀ yẹn! Àwọn tó pa àbúrò rẹ! Ṣé o rí ìyá rẹ níbẹ̀ ni?"

"N kò rí i." Torleiv kò já ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "Ṣùgbọ́n kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí n kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ rí. Rennie, bí o bá lè yìnbọn kó ba Wessling kó má ba ẹni tó jókòó tì í, máa lọ. Èmi gan-an á bá ọ lọ."

Rennie wò ó. Ó fi í sílẹ̀. Ó jáde, ó sì fi ilẹ̀kùn lu ògiri. Nígbà tó yá, ẹ́ńjìnnì dákẹ́ níta, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn èèyàn ní kí Torleiv wá mutí lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí ọkọ̀ tó búra sí ti rì. Kò lọ. Inú rẹ̀ kò tutù. Lójú rẹ̀, ó dà bí ẹni tó sáré dé ojú ọjà tí wọ́n sì fi ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ ọn. Wessling ń mí, àwọn ìyá òun ló sì fún un léèémí. Bí wọ́n bá pe orúkọ erékùṣù rẹ̀ létí rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ṣe ló ń tutọ́.

Ìrúwé ti di ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí Sjur dé. Apẹja ni, ará erékùṣù tó kọjú sí Skarvøy, ó ti gbé ìyàwó àtọmọ sínú ọkọ̀ sá wá sí Skọ́tíláǹdì. Wọ́n mú un wá sí pápá náà láti bi í léèrè ohun tó rí. Nígbà tó rí Torleiv, ó bọ́ fìlà.

"Ọmọ Anders! O jọ bàbá rẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Gunnvor ní kí n kí ọ."

Torleiv di ògiri mú. "Ó wà láàyè?"

"Ó le koko bí ẹja gbígbẹ. Àwọn obìnrin ti padà sí Skarvøy, inú ilé ọkọ̀ létí omi ni wọ́n ń gbé. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ ti ọkọ̀ sómi lọ́jọ́ tí ẹranko yẹn rì."

"Mo mọ̀ pé wọ́n gbà wọ́n," Torleiv ní, ojú rẹ̀ le. "Mo rí i. Ṣé wọ́n bo wọ́n láṣọ pẹ̀lú? Ṣé wọ́n se ọbẹ̀ fún Wessling?"

Sjur wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé o gbé ìbínú lọ tán ni? Fún àwọn àgbà níyì. Wọ́n yọ wọ́n nínú omi, nítorí òfin òkun nìyẹn. Wọ́n kó wọn gúnlẹ̀ sí èbúté. Òjò ń rọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ara àwọn ọkùnrin náà ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Èmi ni mo ń túmọ̀ èdè. Wessling ní kí n béèrè iná. Ìyá rẹ ní, 'Sọ fún un pé wọ́n ti lo gbogbo iná tó wà ní erékùṣù yìí.'"

Halvdan tó ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà fọwọ́ bo ẹnu.

"Wessling ní kí n béèrè ilé. Ìyá rẹ ní, 'Ilé pọ̀.' Ó mú fìtílà, ó ṣáájú wọn gòkè, ó dúró lórí òkúta ẹnu ọ̀nà yín. Ìwọ mọ̀ pé ògiri nìkan ló kù níbẹ̀. Koríko ti hù níbi tí àga bàbá rẹ máa ń wà. Ó ní kí n sọ fún un pé, 'Èmi ni mo ni èyí. Ìwọ lo ṣí òrùlé rẹ̀. Káàbọ̀, wọlé.'"

"Ó wọlé?" Torleiv bi í.

"Níbo ni ì bá lọ? Ó wọlé. Ó jókòó ti ògiri títí ọkọ̀ wọn fi wá kó wọn lọ́jọ́ kejì, kò gbójú sókè wo ẹnì kankan. Ìyá rẹ sì gbé àpótí, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Òjò ń rọ̀ nínú ilé gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rọ̀ níta."